Kámẹ́rà Tí Sùmáyà Fi Ránṣẹ́

Nígbà tí ọwọ́ Bàbá Yúnúsà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, àwọn oníbàárà rẹ̀ kọ́kọ́ rò pé àárẹ̀ ni. Láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń fi aṣọ dúdú bo orí lẹ́yìn kámẹ́rà ló ti ń ya fótò. Ó ya ìyàwó, ó ya ọmọ tuntun, ó ya àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà. Ekukáká la fi lè rí ilé kan ní àdúgbò Ẹ̀pẹ́, ní Ṣàgámù, tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò sí lára ògiri. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, àwọn fótò tó ń yà di èyí tí ojú èèyàn pín sí méjì nínú wọn, bí ẹni ń wo ara rẹ̀ nínú omi tó ń mì. Ó gbé kámẹ́rà lé orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ìka tó fi ń tẹ̀ ẹ́ ṣì ń mì ín. Ó wá wáyà tí wọ́n fi ń tẹ kámẹ́rà láti òkèèrè, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó fẹ́ yí gíláàsì kí àwòrán ó mọ́, ọwọ́ tó fẹ́ ki fíìmù bọnú ilé rẹ̀, kò dúró lójú kan. Àwọn èèyàn kò bú u. Wọ́n kàn ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni, wọ́n á kí i dáadáa, wọ́n á sì gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ.

Ìyàwó rẹ̀, Ìdíátù, ń ta obì. Ilé tó ń kó obì sí kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń ṣa gbànja sínú agbọ̀n fún àwọn Hausa tó ń wá rà á ní Sábó. Obìnrin aláwọ̀ pupa ni, ojú rẹ̀ gún régé, bó bá sì ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì a máa jìn. Síbẹ̀, kò ní fótò gidi kan tí ọkọ rẹ̀ yà fún un. Èyí tí wọ́n yà nígbà ìgbéyàwó wọn, òjò wọlé bà á jẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, lọ́dọọdún, bí Iléyá bá dé, Ìdíátù á wọṣọ, á le tìróò, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Bàbá Yúnúsà á ní, "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ yanjú àwọn wọ̀nyí ná." Nígbà tó bá fi máa yanjú wọn, fíìmù á ti tán.

Ìdíátù kì í bínú. Ẹ̀rín ló fi ń ṣe. "Èmi náà ń ta obì," ni yóò wí, "ṣé mo máa ń jẹ ẹ́ ni?"

Ọmọ méjì ni Yúnúsà àti Ìdíátù bí. Sùmáyà, ẹ̀gbọ́n, ń ṣe nọ́ọ̀sì nílùú Òyìnbó. Àbúrò rẹ̀, Akóredé, ṣí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà sí ẹ̀bá Sábó, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ̀wé, tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókọ́pì, tí wọ́n sì ti ń gba fáàsì, ìyẹn ìwé tó ń gba orí fóònù wọlé. Lọ́dún tí a ń wí yìí, ìyẹn ọdún 1998, òjò ọdún náà ti fẹ́ dá nígbà tí Sùmáyà pe ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀ lórí fóònù.

"Akóredé, mo rí kámẹ́rà kan tí kì í lo fíìmù," ló wí. "Kọ̀ǹpútà ló ń darí ẹ̀. Wọ́n á gbé e sórí igi, Bàbá ò tiẹ̀ ní fọwọ́ kàn án. Wọ́n á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, wọ́n á máa rí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà lójú ẹ̀, wọ́n á tẹ bọ́tìnnì kan, ó parí. Ọwọ́ wọn ì báà máa gbọ̀n bí ewé."

Kámẹ́rà náà dé ní bí oṣù kan lẹ́yìn náà, ó bá ọ̀rẹ́ Sùmáyà kan tó ń bọ̀ nílé wá. Kò tóbi ju páálí ṣúgà lọ. Okùn dúdú kan wà pẹ̀lú rẹ̀ tí wọ́n ó fi so ó mọ́ ìdí kọ̀ǹpútà, àti síídì tí ètò tó ń darí rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bàbá Yúnúsà gbé páálí náà lé itan, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún.

"Ìyá yín ni màá kọ́kọ́ yà," ló wí. Kò tíì sẹ́ni tó bi í léèrè.

Ọjọ́ Àìkú ni Akóredé mú kọ̀ǹpútà lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ó ti ra tuntun sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, nítorí náà ló ṣe gbé àlòkù tó fi ń gba fáàsì tẹ́lẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Nígbà tó fi máa débẹ̀, Bàbá Yúnúsà ti tú páálí kámẹ́rà. Ó ti gbé e lé orí igi, ó sì ti gbìyànjú títí tó fi ki orí okùn náà bọ ara rẹ̀. Ìdíátù ti wẹ̀, ó ti wọ léèsì aláwọ̀ ewé, ó le tìróò, ó fi yẹtí góòlù tí Sùmáyà fi ránṣẹ́ sí i. Ó jókòó sórí àga níwájú aṣọ ògiri tí wọ́n ya òdòdó sí, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Mọ́ṣúdù, télọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, gbọ́ pé kámẹ́rà tí kì í lo fíìmù dé, ó fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀, ó wá fara ti òpó ilẹ̀kùn.

Akóredé to kọ̀ǹpútà, ó tan án, ó ki síídì bọ̀ ọ́. Ètò náà wọlé láìjanpata. Ó so okùn kámẹ́rà mọ́ ìdí kọ̀ǹpútà, ó ṣí ètò náà, gbogbo wọn sì tẹjú mọ́ gíláàsì kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ń rò, ó ń rò, ó sì fi lẹ́tà pupa kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kò rí kámẹ́rà, pé kí wọ́n yẹ okùn wò.

"Kí ló wí?" Bàbá Yúnúsà bèèrè.

"Ó ní òun ò rí i."

"Kò rí i bí? Òun náà rèé níwájú ẹ̀."

Mọ́ṣúdù rẹ́rìn-ín. Akóredé náà rín díẹ̀. Ó pa gbogbo rẹ̀, ó tún tan án. Kò rí i. Ó pààrọ̀ bátìrì. Kò rí i. Ó yẹ bọ́tìnnì róbótó orí kámẹ́rà wò, ó yí i sí ibi tí wọ́n ya kọ̀ǹpútà kékeré sí, ó ní, "Àṣé ibí ni!" Síbẹ̀, kò rí i. Ó yọ ètò náà kúrò pátápátá, ó tún fi í sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Iná lọ láàárín kan, wọ́n jókòó títí ó fi dé, òógùn sì ń wọ́ tìróò Ìdíátù lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó fi etí ìborùn rẹ̀ nù ún, kò dìde. Bàbá Yúnúsà ń sọ pé, "Fara balẹ̀, ó ti kù díẹ̀," bó ṣe máa ń sọ fún àwọn oníbàárà.

Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ni Akóredé fi ń jẹun. Kò sí ohun tó le tí wọn kì í gbé wá bá a láti Ìkẹ́nnẹ́ títí dé Ògèrè. Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ pupa kan náà sí i lójú níwájú télọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ojú ń tì í, tí inú sì ń bí i. Ó fa okùn yọ lára kámẹ́rà, ó gbé orí okùn náà sún mọ́ ojú. Àwọn irin tín-ín-rín tó wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ti tẹ̀.

"Ta ló kọ́kọ́ ki okùn yìí bọ̀ ọ́?"

"Èmi ni," bàbá rẹ̀ dáhùn. "Mo ní kí n ti so ó dè ọ́."

"Ẹ ò ṣe lè dúró dè mí, Bàbá? Ẹ wò ó! Ọwọ́ yín ló bà á jẹ́. Kí ni ọwọ́ yẹn tún máa ń kàn tí kì í bàjẹ́?"

"Akóredé!" Ìyá rẹ̀ kígbe.

Ọ̀rọ̀ ti jáde. Mọ́ṣúdù wolẹ̀, ó ní òun ní aṣọ kan tí òun fẹ́ parí, ó sì lọ. Bàbá Yúnúsà wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ àlejò ni, ó wá fi í há abẹ́ apá òsì.

"Ó dáa," ló wí. "Tú u palẹ̀."

"Màá lọ wá okùn mìíràn l'Ékòó," Akóredé wí. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Tí mo bá ti rí òmíràn, ó máa ṣiṣẹ́."

Ìdíátù bọ́ yẹtí rẹ̀, ó dì í sí etí ìró. "Kò burú," ló wí. "Ó di ọjọ́ mìíràn."

Akóredé gbèrò láti lọ sí Èkó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ààwẹ̀ wọlé dé, lẹ́yìn ààwẹ̀, ètò ìbò gba ìlú kan. Àwọn olóṣèlú ń gbé ìwé wá ní òwúrọ̀, wọ́n ń fẹ́ ẹ ní ọ̀sán, jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kì í sinmi. Bó bá kọjá ní Ẹ̀pẹ́, á yà kí àwọn òbí rẹ̀, bàbá rẹ̀ á dá a lóhùn, á bi í nípa iṣẹ́, kò ní mẹ́nu kan kámẹ́rà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ̀bẹ̀ wá sí ọmọkùnrin náà lẹ́nu. Á gbé e mì. Ó ń rò ó pé bí òun bá dé pẹ̀lú okùn tuntun, tí kámẹ́rà sì ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ tí òun sọ á fọ̀ lọ fúnra rẹ̀, kò ní sí pé òun tún ń dọ̀bálẹ̀ lé e lórí. Bẹ́ẹ̀ ni kò ra okùn, bẹ́ẹ̀ ni kò bẹ̀bẹ̀.

Ìgbà tí ìbò parí ni àìsàn bá Ìdíátù. Ó ń ṣa obì lọ́wọ́ lórí àpótí ni agbọ̀n bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó tó mọ̀, òun náà ti wà nílẹ̀. Àwọn obìnrin tó wà pẹ̀lú rẹ̀ gbé e lọ sí ọsibítù. Ọlọ́run yọ ọ́, ó padà wálé, ó ń fi ọ̀pá rìn, ó sì ń sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ wúwo lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n apá òsì rẹ̀ kò gbéra bíi tàtijọ́ mọ́. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìpénpéjú òsì ti wálẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìhà ibẹ̀ kò sì jìn mọ́ bó bá rẹ́rìn-ín. Kì í tiẹ̀ rẹ́rìn-ín púpọ̀ mọ́. Ó máa ń fi ìborùn bo ìhà náà bí àlejò bá wọlé.

Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ránṣẹ́ pe Akóredé sí Ìkẹ́nnẹ́. Olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Ellen Mákánjúọlá ló pè é, obìnrin tó ń kọ́ni ní ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ gíga tí ìjọ wọn, àwọn tó ń sinmi lọ́jọ́ Sátidé, dá sílẹ̀. Ó ra ẹ̀rọ kékeré tó máa so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ wáyà fóònù, kọ̀ǹpútà sì ní òun kò rí ẹ̀rọ náà. Akóredé tẹ̀ ẹ́ síwá, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn.

"Ó dà bíi pé okùn ni, Mà," ló wí.

"Má tíì dá okùn lẹ́bi," Ellen dáhùn. "Kí ló tún ń lo ihò tí o so ó mọ́ yẹn?"

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, Mà. Òun nìkan ni mo so."

"Níta nìyẹn. Nínú ńkọ́?" Ó fa àga sún mọ́ ọn, ó nàka sí àmì kékeré kan ní igun ìsàlẹ̀ gíláàsì. "Ọkọ mi ló fi èyí síbẹ̀ fún ẹ̀rọ kékeré àfọwọ́gbé tó ń kọ àdírẹ́sì àwọn èèyàn sí. Látìgbà tí kọ̀ǹpútà bá ti jí ló ti máa ń di ihò yẹn mú, bóyá wọ́n so nǹkan mọ́ ọn o, bóyá wọn ò so ó. Ètò méjì ò lè di ihò kan mú pa pọ̀. Pa á."

Akóredé pa á. Ó tún gbìyànjú, ẹ̀rọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í han, ó ń pe fóònù.

Inú Ellen dùn. Oòrùn ti ń rọ̀, ó sì fẹ́ kí gbogbo iṣẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀ kí Sábáàtì wọn tó wọlé, ó ń palẹ̀ ìwé mọ́. Ó wẹ̀yìn, ó rí i pé Akóredé kò dìde.

"Ṣé kò sí o?"

"Mà, tó bá jẹ́ ètò tó ń gba fáàsì ni ńkọ́?"

"Ìyẹn gan-an ló burú jù. Ìpè ló ń dúró dè tọ̀sán-tòru, kì í fi ihò sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni."

Akóredé fúnra rẹ̀ ló fi ètò fáàsì sínú kọ̀ǹpútà tó gbé fún bàbá rẹ̀. Òun ló ṣe é kó máa jí bí kọ̀ǹpútà bá ti jí. Kò yọ ọ́ nígbà tó ń gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ó kí Ellen, ó jáde, ó gun ọ̀kadà lọ sí Ṣàgámù.

Wọ́n ń kírun Mọ̀gáríbì lọ́wọ́ nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀. Ó gbá eruku kúrò lára kọ̀ǹpútà, ó tan án. Ó rí àmì fáàsì ní igun gíláàsì, tó jókòó síbẹ̀ bí ọmọ tó dákẹ́ jẹ́jẹ́ sígun ilé. Ó pa á. Ó gbé kámẹ́rà jáde nínú páálí, ó mú okùn kan náà, kò fọwọ́ kan irin tó tẹ̀ yẹn, ó so ó bó ṣe wà, ó ṣí ètò náà. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tí kọ̀ǹpútà fi kọ ọ́ pé òun ti rí kámẹ́rà. Àwòrán àga òfìfo tó wà níwájú aṣọ olódòdó ń wọlé sójú kọ̀ǹpútà díẹ̀díẹ̀, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀.

Bàbá Yúnúsà ti mọ́ṣáláṣí dé, ó bá a níbẹ̀. Akóredé dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Kì í ṣe ọwọ́ yín, Bàbá. Okùn ò ṣe nǹkan kan. Ohun tí mo gbàgbé sínú kọ̀ǹpútà yìí ló dì í mú. Èmi ni. Látọjọ́ yẹn, èmi ni."

Ọkùnrin náà wo gíláàsì.

"Dìde. Lọ jókòó sórí àga yẹn."

"Bàbá..."

"Mo ní kí o jókòó."

Akóredé jókòó. Bàbá rẹ̀ lọ sídìí kọ̀ǹpútà, ó gbé ọwọ́ tó ń gbọ̀n náà lé bọ́tìnnì, ó tẹ̀ ẹ́. Iná kámẹ́rà kọ mànà. Fótò náà jáde, ó mọ́, irun ojú kọ̀ọ̀kan hàn nínú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí irú rẹ̀ ti jáde lọ́wọ́ Bàbá Yúnúsà. Ọmọ tó wà nínú rẹ̀ ń sunkún.

Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n sọ fún Ìdíátù. Ó yọ̀ fún ọkọ rẹ̀, ó ṣàdúrà fún Sùmáyà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá Yúnúsà ní kó wọ léèsì aláwọ̀ ewé rẹ̀ lọ́la, ó mi orí.

"Rárá, Bàbá Sùmáyà."

"Èwo ni rárá? Ìdíátù, o ṣì rẹwà lójú mi."

"Lójú yín ni kí ẹ fi í sí. Ojú tí mo fẹ́ fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ọmọ mi, mo gbé e wá bá yín lọ́jọ́ Àìkú ọjọ́un. Èyí kọ́." Ó yí sí Akóredé. "Èmi ò bínú sí ẹ o, ọmọ mi. Kì í ṣe ìbínú."

Ọmọkùnrin náà jáde lọ dúró ní ẹ̀yìn ilé. Bàbá rẹ̀ wá bá a níbẹ̀.

"Ká ní mo ti bẹ̀ yín látọjọ́ yẹn," Akóredé wí, "ká ní mo tiẹ̀ padà wá wò ó dáadáa dípò kí n máa bínú..."

"Oṣù mélòó kan ni tìẹ," Bàbá Yúnúsà wí. "Èmi, ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ọwọ́ mi fi dúró ṣinṣin, tí mo ń sọ fún un pé kó dúró ná. Àlejò ni mò ń yà. Má gba tèmi mọ́ tìẹ."

Kò sọ ọ́ bí ẹni ń tu èèyàn nínú. Ó sọ ọ́ bó ṣe rí ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, Bàbá Yúnúsà fi kámẹ́rà náà ṣiṣẹ́ díẹ̀. Àwọn tó fẹ́ fótò kékeré fún ìwé ẹ̀rí ń wá, Mọ́ṣúdù náà wá pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Akóredé a máa wá tẹ àwọn fótò náà jáde fún un ní ọ̀sán Sátidé. Ìdíátù kì í lọ sí ilé obì mọ́, nítorí náà ó máa ń wá jókòó tì wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù.

Sátidé kan, oníbàárà ti tán, atẹ́gùn ń fẹ́ wọlé. Ìdíátù lọ jókòó sórí àga oníbàárà nítorí pé òun ló ní ìrọ̀rí, oorun sì gbé e lọ. Orí rẹ̀ fara ti ògiri, ìhà òsì rẹ̀ wà lọ́hùn-ún, ìhà ọ̀tún ló kọ sí kámẹ́rà. Ìmọ́lẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà bọ́ sí i lójú. Akóredé gbójú sókè, ó rí i nínú gíláàsì kọ̀ǹpútà: ẹ̀rẹ̀kẹ́ pupa, imú tó gún, ìborùn tó ṣí sẹ́yìn díẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá rí i báyìí, kò ní mọ̀ pé àìsàn kan ṣe é rí.

Bàbá Yúnúsà náà ti rí i. Ó ti gbé ìka lé bọ́tìnnì. Ìka náà ń gbọ̀n lórí rẹ̀ bí ìyẹ́ adìyẹ nínú atẹ́gùn.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́, Bàbá," Akóredé wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó jí."

Bàbá rẹ̀ ń wo gíláàsì náà. Ó wò ó títí oorun fi mú kí Ìdíátù mí kanlẹ̀, tó sì gbọ́wọ́ ọ̀tún lé àyà.

"Kò yọ̀ǹda ẹ̀ fún mi," ló wí.

Ó gbé ọwọ́ kúrò, ó na apá sókè, ó fi ìdérí de ojú kámẹ́rà náà. Ó pẹ́ kí ìdérí náà tó wọlé, nítorí ọwọ́ rẹ̀. Akóredé kò bá a dé e. Ó jókòó jẹ́jẹ́ kó má baà jí ìyá rẹ̀, ó ń gbọ́ bí ike ìdérí náà ṣe ń gbá ara kámẹ́rà.